Gbèsè Tí À Ń San, Gbèsè Tí Kì í Tán

Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í san gbèsè. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà ti le, ibẹ̀ náà sì ni kì í tètè yé àwọn ọmọ òde òní. Láyé ìjọ́un, ẹni tó bá yá owó ẹyọ lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀ kan n'Íbàdàn, bóyá ó fẹ́ fi sìnkú, bóyá ó fẹ́ fi gbéyàwó, bóyá ọ̀ràn ló dé bá a tó ní láti fi owó pa á, ó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ sọ́fà lọ́dọ̀ olówó. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, oko olówó ni ìwọ̀fà ń gbà lọ. Yóò kọ ebè, yóò roko, yóò ru iṣu wálé. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, nígbà tó bá parí iṣẹ́ olówó tán ni yóò tó yà sóko ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọdé, ọ̀dọ̀ olówó ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń jí. Gbogbo làálàá wọ̀nyẹn, èlé lásán ni. Ojú owó kò yẹ̀ kúrò níbi tó wà lọ́jọ́ tí wọ́n kà á lé onígbèsè lọ́wọ́. Ìwọ̀fà lè fi ọdún mẹ́wàá kọ ebè kí gbèsè náà ṣì pé pérépéré. Àfi ọjọ́ tí ẹbí bá kó odindi owó wá ni ọrùn rẹ̀ tó lè bọ́.

Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣe olùkọ́ n'Íbàdàn kó tó di pásítọ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, ṣàlàyé ètò yìí dáadáa nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ó tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ ìlú ni, a kì í tà á, ẹ̀tọ́ rẹ̀ láwùjọ kò sì tìtorí gbèsè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Onígbọ̀wọ́ a sì máa wà láàárín olówó àti onígbèsè, tó fi jẹ́ pé bí ìwọ̀fà bá sá lọ, a mọ ẹni tí a ó dì mú.

Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá jẹ gbèsè tí kò san, tí kò sì fi ẹnikẹ́ni sọ́fà, ó ń bá ológò pàdé nìyẹn. Iṣẹ́ ológò ni kó wọ ilé onígbèsè lọ, kó jókòó ti baálé ilé, kó sì sọ ara rẹ̀ di wàhálà. Yóò pàṣẹ oúnjẹ tó dára. Yóò mú adìẹ tó bá wù ú, kò béèrè ẹni tó ni ín. Yóò pariwo, yóò bú èèyàn, títí gbogbo agbo ilé yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó kiri. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tí adìẹ wọn lọ kọ́ ló yáwó. Bí gbèsè ti rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn: ọ̀kan ló jẹ ẹ́, agbo ilé ló wọ̀ lọ́rùn. Bí onígbèsè bá sì jẹ́ ará ìlú mìíràn, ẹni tí a jẹ lówó lè mú ará ìlú rẹ̀ mìíràn tó bá rí lọ́nà, kó dì í mú títí owó yóò fi dé.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ní Lálúpọn, ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ní Mọ́níyà lónìí mọ̀ pé ológò kò tíì kúrò nílé. Owó tí àwọn obìnrin tó ń ta gàrí àti làfún ń pè ní gbọ́mú-lé-láńtà, ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ ni wọ́n ń yá a, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń dá a padà. Olúkúlùkù ló dúró fún ẹnìkejì rẹ̀. Bí ọ̀kan kò bá mú tirẹ̀ wá, àwọn yòókù kò ní lè lọ sílé. Wọ́n lè kó ara wọn lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo mọ̀ pé owó yìí ti gbé àwọn kan dìde. Mo sì mọ̀ pé ìtìjú ló fi ń ṣiṣẹ́.

Gbèsè kòkó náà wà níbẹ̀. Kí kòkó tó pọ́n lórí igi ni àwọn tó ń rà á ti ń yá àgbẹ̀ lówó lé e lórí, tó bá sì di ìgbà ìkórè, iye tó bá wu ẹni tó yáni lówó ni yóò gbé e. Ohun tó jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ kó ara wọn jọ sẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù nìyẹn. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní Nàìjíríà ní 1935, Gbẹ́dùn tó wà lápá Ọ̀nà-Àrà sì wà lára àwọn ibi tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta kòkó ti kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin náà. Títí di òní, kò sí ẹni tó lè yáwó nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láìní onídùúró.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan ló mú kí n to gbogbo èyí sílẹ̀. Opheilō ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ tó wà lókè téńté ni “mo jẹ gbèsè.” Ohun tí a jẹ ni opheilēma, ẹni tó jẹ ẹ́ sì ni opheiletēs. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀yáwó ni. Àmọ́ ó wà nínú Májẹ̀mú Tuntun níbi tí ọ̀pọ̀ wa kò fojú sí, nítorí pé Yorùbá pín iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ẹ mú Àdúrà Olúwa. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ lágbègbè wa, bí wọ́n bá dé ibi ìdáríjì, ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń pè. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Bíbélì sí Mátíù orí kẹfà, gbèsè lẹ ó bá níbẹ̀, àti onígbèsè. Gbèsè ni Mátíù kọ ní Gíríìkì. Lúùkù ní tirẹ̀ kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí apá tó kan àwa àti Ọlọ́run, ó wá dé apá tó kan àwa àti ọmọnìkejì wa, ó padà sórí opheilō: gbogbo ẹni tó jẹ wá ní gbèsè. Ohun tó fà á ni pé èdè Árámáíkì ni Jésù ń sọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń lò nínú èdè yẹn fún gbèsè àti fún ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ tún wo Lúùkù orí kẹtàlá, níbi tí ilé ìṣọ́ Sílóámù ti wó pa èèyàn 18. Jésù béèrè bóyá wọ́n burú ju àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ, ọ̀rọ̀ tó sì wà níbẹ̀ ní Gíríìkì ni opheiletai, àwọn onígbèsè.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí Yorùbá púpọ̀. Jíjẹ là ń jẹ gbèsè, jíjẹ là ń jẹ̀bi, jíjẹ náà là ń jẹ̀yà. Ohun tó ṣàjèjì ni ibi tí Jésù gbé ọ̀rọ̀ náà lọ.

Nínú Mátíù orí kejìdínlógún, ìránṣẹ́ kan jẹ ọba ní ẹgbàárùn-ún tálẹ́ntì. À ń kà á kọjá bí ẹni pé “owó púpọ̀” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tálẹ́ntì kan tó dénárì 6,000. Dénárì kan ni owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe, bí a ti rí i nínú òwe ọgbà àjàrà tó wà ní orí ogún. Nítorí náà, gbèsè ìránṣẹ́ yìí jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ 60,000,000. Bó bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 300 lọ́dún, tí kò jẹ nínú rẹ̀, tí kò mu nínú rẹ̀, ọdún 200,000 ni yóò fi san án tán. Bẹ́ẹ̀ ojú owó nìkan nìyẹn, a ò tíì dárúkọ èlé. Ọba ní kí wọ́n ta ìránṣẹ́ náà, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Àgbẹ̀ tí bàbá àgbà rẹ̀ sìn rí lọ́fà kò nílò ẹni tó máa túmọ̀ apá yẹn fún un.

Ìránṣẹ́ náà dọ̀bálẹ̀. Àkókò ló tọrọ: kí wọ́n ṣe sùúrù fún òun, òun yóò san gbogbo rẹ̀. Ọba kò fún un ní àkókò, ó ní kó máa lọ, ó pa gbèsè náà rẹ́. Bó ti jáde ló rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ ẹ́ ní 100 dénárì, ló bá fún un lọ́rùn. Ọgọ́rùn-ún dénárì kì í ṣe owó kékeré, iṣẹ́ bí oṣù mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n ó ṣeé san. Ẹ̀bẹ̀ tí ọkùnrin kejì bẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, kàkà bẹ́ẹ̀ tirẹ̀ gan-an ló bọ́gbọ́n mu.

Èmi rò pé ìránṣẹ́ àkọ́kọ́ kò gbọ́ ohun tí ọba sọ. Àkókò ló tọrọ, àkókò ló sì gbọ́. Lójú ara rẹ̀, ó ṣì jẹ gbèsè, ìdí nìyẹn tó fi sáré lọ gba owó lọ́wọ́ ẹni tó lè tètè rí mú. Ìwọ̀fà tí wọ́n ti tú sílẹ̀ ni, ó tún ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ sóko olówó, ó sì ń fa ẹlòmíràn dání. Mo ti rí onígbàgbọ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, tó ń gbààwẹ̀, tó ń sìn, tó ń náwó fún ìjọ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, bí ẹni tó ń fi èlé pa Ọlọ́run lẹ́nu mọ́ kó má béèrè ojú owó. Irú wọn kì í rọrùn fún ọmọ ọ̀dọ̀.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ ká ṣọ́ra. Ìdáríjì gbèsè nínú Bíbélì kò fún ẹni tó yáwó alájẹṣẹ́kù láṣẹ kó fi onídùúró rẹ̀ sílẹ̀ nínú wàhálà, kó wá máa pe ara rẹ̀ ní ẹni tí a dá nídè. Ọba ló pa owó ara rẹ̀ rẹ́. Kì í ṣe owó ẹlòmíràn ló fi ṣàánú.

Mo ti sọ pé ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀yáwó ni opheilō, ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé Gíríìkì inú Májẹ̀mú Tuntun jẹ́ èdè àrà ọ̀tọ̀. Ará Jámánì kan, Adolf Deissmann, ló tú u wò nínú ìwé tó gbé jáde ní 1908. Ó fi í wé àwọn ìwé pápírúsì tí wọ́n wú jáde láti inú iyanrìn Íjíbítì: lẹ́tà, ìwé àdéhùn, ìwé ẹ̀yáwó àwọn mẹ̀kúnnù. Èdè kan náà ni. Onígbèsè a fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye tó jẹ, a sì kọ ọ́ pé òun yóò san án. Bó bá san án tán, wọ́n a fa ìlà méjì kọjá ara wọn lórí ìwé náà, bí lẹ́tà X. Irú ìwé àfọwọ́kọ bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Kólósè pé Ọlọ́run pa rẹ́, tó sì kàn mọ́ àgbélébùú.

Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ ọ̀kan. Ìwé Fílémónì kúrú débi pé ọ̀pọ̀ kì í dúró níbẹ̀. Ónísímù, ẹrú Fílémónì, ti kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó ti di ọmọ Pọ́ọ̀lù nínú ìgbàgbọ́ níbi tí Pọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀wọ̀n, Pọ́ọ̀lù sì ń dá a padà. Ó ní bí Ónísímù bá jẹ Fílémónì ní ohunkóhun, opheilei ló lò, kí ó kà á sí òun Pọ́ọ̀lù lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló gba kálàmù, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun yóò san án. Ọ̀rọ̀ inú pápírúsì gan-an nìyẹn, ẹni tó fọwọ́ sí i sì ti di onígbọ̀wọ́ lábẹ́ òfin. Àgbàlagbà ẹlẹ́wọ̀n tí kò ní kọ́bọ̀ ń dúró fún ẹrú. Kí inki tó gbẹ, ó fi kún un pé òun kò fẹ́ máa rán Fílémónì létí pé Fílémónì pàápàá jẹ òun ní gbèsè, gbèsè ara rẹ̀ alára. Ẹ wo bí ìṣirò náà ti yí: ẹni tó ti jókòó bí olówó bá orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé àwọn onígbèsè.

Bí ọ̀rọ̀ opheilō bá mọ síbi tí wọ́n ti ń pa gbèsè rẹ́, ìwọ̀fà nìkan ì bá tó láti fi ṣàlàyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ tí Jésù wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, tó ní kí àwọn náà máa wẹ ẹsẹ̀ ara wọn, opheilete ni Jòhánù kọ: ẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù sọ pé ó yẹ kí alágbára máa ru àìlera ẹni tí kò lágbára, gbèsè ni. Nígbà tó sọ ohun tí ọkọ àti ìyàwó gbọ́dọ̀ máa ṣe fún ara wọn, gbèsè ni. Nínú Bíbélì Yorùbá, irú ibi wọ̀nyí ti di “ó yẹ” tàbí “ó tọ́,” ìtumọ̀ náà sì dára, ṣùgbọ́n a kò rí okùn tó so wọ́n pọ̀ mọ́.

Ẹni tó bá ti dá àáró rí yóò rí okùn náà. Ní àwọn oko tó yí Erúnmu ká, àgbẹ̀ mẹ́rin lè ṣàdéhùn ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Lónìí oko tìrẹ, gbogbo wa á kọ ebè níbẹ̀ láti àárọ̀. Ọjọ́ tó kàn, oko tèmi. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá yóò rán ọmọ rẹ̀. Wọn kì í san owó, wọn kì í kọ ìwé, ṣùgbọ́n olúkúlùkù mọ ẹni tó jẹ ní ọjọ́ iṣẹ́ kan. Bí àáró bá yí ká tán, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀, nítorí koríko kò ní ṣíwọ́ híhù. Kò sí ẹni tó ń gbàdúrà pé kí gbèsè àáró kúrò lọ́rùn òun. Ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àáró mọ́, òun nìkan ló wà lóko nígbà tí òjò bá ń lé e bọ̀.

Ohun tí mo ní í sọ nìyí: ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan ló gbé ìwọ̀fà àti àáró dání, Ìhìn Rere sì pa ọ̀kan rẹ́, ó dá èkejì dúró. Róòmù orí kẹtàlá ló sọ ọ́ ní gbólóhùn kan ṣoṣo: kí a má jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè kankan, àfi ìfẹ́ tí a jẹ ara wa.

Ẹsẹ tó ṣáájú ìyẹn kì í ṣe ohun tí ará Àkànrán lè kà kọjá wẹ́rẹ́. Pọ́ọ̀lù ní kí a san gbèsè gbogbo èèyàn fún wọn, owó orí ló sì kọ́kọ́ dárúkọ. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà, tí Tàfá Adéoyè ará Àkànrán wà lára àwọn olórí wọn, kọ̀ láti san owó orí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bù fún wọn. Owó tí wọ́n ń rí lórí kòkó kò tó nǹkan, ọ̀nà oko kò ṣeé gbà, àwọn tó ń gba owó orí sì ń lé wọn bí ẹran. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1969, wọ́n já ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Ìgbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, tí ìjọba dín owó orí kù sí £2, ni ara tó rọ̀. Mo ti gbọ́ ìwàásù tó fi Róòmù orí kẹtàlá bá àgbẹ̀ wí. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni opheilas, ohun tó tọ́ sí olúkúlùkù, àwọn tó lọ sí Agodi sì ń béèrè ohun tí ìjọba jẹ àgbẹ̀. Kì í ṣe ìbéèrè aláìmọ Bíbélì.

Ibi tó jinlẹ̀ jù lójú mi ni Róòmù orí kìíní, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti pe ara rẹ̀ ní ajigbèsè àwọn Gíríìkì àti àwọn aláìgbédè. Kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tí Ọlọ́run fi lé e lọ́wọ́ jẹ́ tiwọn, títí yóò fi dé ọwọ́ wọn ló jẹ wọ́n. Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, tí wọ́n tún fi gba ọtí àti tábà, ló túmọ̀ ìwé yìí sí Yorùbá. Ìwé Róòmù tirẹ̀ jáde ní 1850, ọdún 34 kí odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde ní 1884. Ẹni tí wọ́n ti fi ara rẹ̀ san nǹkan rí ló bá wa túmọ̀ ọ̀rọ̀ gbèsè.

Àwọn aláìgbédè wà láàárín wa báyìí. Ní oko ẹ̀gẹ́ àti oko kòkó láti Akínyẹlé dé Ọ̀nà-Àrà, lébìrà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè jẹ́ Àgàtú, ó lè jẹ́ Tíífì, ó lè wá láti Bẹ̀nẹ̀ tó pààlà pẹ̀lú wa. Yorùbá rẹ̀ lè má ju kíkí àti orúkọ irinṣẹ́ lọ. Àwọn kan nínú wa ń san owó rẹ̀ bí ẹni ń ṣe é lóore, ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá tà, iye tó bá wù wọ́n. Ní orí kẹrin ìwé Róòmù kan náà, Pọ́ọ̀lù fi ọ̀rọ̀ méjì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ̀bùn àti opheilēma, ó sì sọ èyí tí owó òṣìṣẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Opheilēma ni.